Ègbè Orin Lẹ́yìn Ògiri Òkúta

"Màmá, aago márùn-ún ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yẹn o!" Mojírọ́lá kìlọ̀ fún ìyá rẹ̀ tó wá kí i nílùú òyìnbó.

Màmá rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa ti èmi mọ́lé Olúwa?"

Àfi bí wọ́n ṣe tì í mọ́ ọn lóòótọ́. Ògiri nípọn, fèrèsé ga réré, ilẹ̀ sì ń ṣú. Màmá lu ilẹ̀kùn títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ló bá dá orin:

"Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi o?"

"Olúwa ni," ègbè dún.

Inú Màmá dùn. Ó tẹ̀lé ohùn náà dé ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ti fi òkúta dí pa láti ayébáyé. Kò séèyàn níbẹ̀. Ó rọra tún un lé: "Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún mi o?"

"Èmi ni," ni ohùn náà wí, òkúta ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta.