Búrẹ́dì Ìyá Ọkọ

Ìyá ọkọ ti ìka bọ ìyẹ̀fun pákí tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń pò fún písà nílé wọn ní Naperville, ní Amẹ́ríkà, ó yínmú.

"Ṣé fùfú lo fẹ́ da ṣíìsì lé lórí yìí? Ogójì ọdún ni mo fi ṣe búrẹ́dì tà ní Ṣakí, mi ò rírú èyí rí."

"Fúláwà ò gbọdọ̀ kàn án ni, Mà."

"Fáàrí lásán. Ta ni fúláwà pa rí?"

"Ọmọ yín ni ara ẹ̀ ò gbà á, Mà. Dókítà ní láti kékeré ló ti ń ba ìfun ẹ̀ jẹ́."

Ìyá fa ìka yọ. Ó rántí bí ọmọ náà ṣe máa ń di ikùn mú sunkún láràárọ̀, tí òun á sì fún un ní búrẹ́dì gbígbóná kó lè dákẹ́.