Labeebah Sọ Ìyá Àgbà Di Òkú Nítorí Oyè Ọ̀mọ̀wé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ́kọ́ kà á dé òpin, kí ẹ sì bi ara yín pé ta ló ń fi oríkì pè yín nílé.

1.
Ní agbo ilé Ìyàndá ní Ẹdẹ, Màmá Àwáwù ni àgbà. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, wọn á máa lọ láti ẹnu ọ̀nà yàrá kan dé òmíràn, wọn á máa fi oríkì kí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òfin kan sì wà tí wọ́n bá nílé: oríkì kì í dá sáàárín. Bí ẹnu ẹni tó ń kì í bá há, ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ gbà á parí, ì báà jẹ́ pé abọ́ ló ń fọ̀ lọ́wọ́.

Labeebah ni ọmọ-ọmọ wọn. Fàtímọ̀, ìyá rẹ̀, kú nígbà tí wọn kò tíì já a lẹ́nu ọmú. Màmá Àwáwù ló tọ́ ọ. "Àdùkẹ́" ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó tún ń pè é bẹ́ẹ̀.

Labeebah kàwé. Ó gboyè kìíní, ó gboyè kejì, ó wá ń ti ilé kọ̀wé wá àyè oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì kan lókè òkun, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ń wádìí bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé àti àṣà tó so wọ́n pọ̀. Ìkíni òwúrọ̀ ilé wọn ló fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Lọ́dún àkọ́kọ́, yunifásítì náà kò gbà á.

2.
Ó pe Tawheed, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti wọlé sírú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ohun tí o kọ ti dùn jù," ni Tawheed wí. "Gbogbo nǹkan ń lọ déédéé nílé yín. Kí ni wọ́n fẹ́ wádìí níbẹ̀? Ohun tó bá ń kú lọ ni wọ́n ń sáré sí."

"Kò kú, Tawheed."

"Ṣé o ò lè pa á ni?" Tawheed ń rẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò ti ìlú òyìnbó wá Ẹdẹ wá wò ó?"

Labeebah tún ìwé rẹ̀ kọ. Ó ní àṣà náà ti parẹ́, pé ìyá ìyá òun, àgbà tó mọ̀ ọ́n kẹ́yìn, ti di olóògbé, pé òun nìkan ló kù. Bó ti ń kọ ọ́, ó ń gbọ́ ohùn Màmá Àwáwù níta, tí wọ́n ń bá adìyẹ jà. Ó dìde, ó pa fèrèsé dé.

3.
Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pè é. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ rí i lójú fóònù. Ọ̀kan nínú wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí, gbọ́ Yorùbá dáadáa.

"Jọ̀ọ́, ki oríkì kan ká gbọ́."

Tirẹ̀ gan-an ló wá sí i lẹ́nu:

"Àdùkẹ́, ọmọ Ìyàndá a-roko-má-gbàgbélé,
ọmọ ẹni tí òjò pa lọ́nà Sekona tí kò sọ ẹrù nù,
ọmọ Fàtímọ̀…"

Orúkọ ìyá rẹ̀ há a lọ́fun. Ohùn kan sì gbà á láti ìta:

"Ọmọ Fàtímọ̀ tó fọmọ lé mi lọ́wọ́,
tó ní kí n máa pè é kó má baà ṣìnà."

Màmá Àwáwù ṣílẹ̀kùn, àwo ẹ̀gúsí tí wọ́n ń bó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n rí ojú ènìyàn nínú fóònù.

"Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Èmi ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀."

"Ẹ káàsán, mà," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Afọlábí wí. "Labeebah, ṣé màmá tí o kọ pé wọ́n ti di olóògbé nìyí?"

Màmá Àwáwù wo Labeebah títí.

"Èmi? Ta ló wá sin mí?"

Wọ́n gbé ẹ̀gúsí wọn, wọ́n sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara wọn.

4.
Yunifásítì náà ní kó má kọ̀wé sí àwọn mọ́. Ìyẹn dùn ún, àmọ́ ọ̀ràn ṣì kù.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbọ́ tí ìkíni ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ó dé yàrá tó kángun sí tirẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìró ẹsẹ̀ kọjá níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ láìdúró. Ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, Màmá."

"Mo ti forí jì ọ́ látàná, Labeebah. Oúnjẹ rẹ wà nínú ìkòkò."

"Ẹ pè mí ní Àdùkẹ́."

"Òkú kì í kí ènìyàn láàárọ̀."

Oúnjẹ wà, àdúà wà. Àdùkẹ́ ni kò sí. Lójoojúmọ́ ni Labeebah ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rò pé ọ̀la ni inú wọn yóò rọ̀. Títí òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí ohùn kankan kò dún níta. Wọ́n sin Màmá Àwáwù lọ́jọ́ náà.

Lónìí, Labeebah ló ń kí àwọn ọmọ ilé, torí òun nìkan ló kù tó mọ oríkì gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá kí wọn tán, á dé ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: "Àdùkẹ́, ọmọ Ìyàndá…" Bó bá kan Fàtímọ̀, á dákẹ́, á tẹ́tí. Kò sí ẹni tó tún mọ ìyókù oríkì tirẹ̀ láti gbà á parí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ wá oyè. Ẹ̀yẹ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnu yín sin alààyè nítorí ipò kankan. Àforíjì lè yá, kí ohun tó bàjẹ́ má sì padà. Àwa tí a ń gbé etí Ọ̀ṣun kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa: odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.