Ògiri Tí Bàbá Ìjọ Kò Lè Dúró Dè

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá ń bọ̀ ní ìlú Ìdóbà, kàtídírà wọn lórí òkè ni yóò kọ́kọ́ rí. Amọ̀ ni àwọn baba ńlá wọn fi mọ ọ́n, ògiri rẹ̀ sì nípọn débi pé ènìyàn lè nà gbalaja sójú fèrèsé. Ẹnu ará Ìdóbà kì í kúrò lórí ilé Ọlọ́run yìí, wọn kò sì jẹ̀bi.

Olóyè Jayéọlá ni Bàbá Ìjọ nígbà tí òjò jẹ apá kan ògiri náà lulẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu-ọ̀nà ńlá tí bàbá bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Ó lawọ́, ó sì fẹ́ràn ìjọ dénú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè dúró de ohunkóhun. Ọbẹ̀ tó ṣì wà lórí iná pàápàá, á ti máa bù ú tọ́ wò.

Ìjọ ní amọ̀ náà ni kí wọ́n fi tún un mọ, Jayéọlá sì gba iṣẹ́ náà. Bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀ láìpẹ́ wá ṣe ìsìn ìkórè. Jayéọlá fẹ́ kí bíṣọ́ọ̀bù bá ògiri náà lóòró, kí gbogbo ayé lè yin òun.

Kò sí ọmọ Ìdóbà tí kò mọ̀ pé bí a bá mọ ìpele kan, a ó jẹ́ kó gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Jayéọlá náà mọ̀, inú ilé amọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìyàwó rẹ̀, Morádéyọ̀, fi ìka tẹ ìpele tó kẹ́yìn, ìka náà sì rì wọlé.

"Bàbá Ẹ̀bùn, ó ṣì tutù," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè níta lọ́dún yìí. Ojú ò ní tì wá."

"Ojú tèmi ni yóò tì, kì í ṣe tìrẹ," ni Jayéọlá dáhùn. Ó ní kí àwọn mọlémọlé máa gbé e lé e.

Ògiri ga lóòótọ́, orí Jayéọlá sì wú. Àmọ́ nígbà tí ìkórè ku ọ̀la, ìsàlẹ̀ tó tutù kò lè ru òkè mọ́. Ògiri ya lulẹ̀, ó sì wó ẹnu-ọ̀nà àtijọ́ náà mọ́ ara rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò pa ẹnikẹ́ni. Jayéọlá jókòó sórí òkìtì náà, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọdún òjò kò lè wó, ìwàǹwára rẹ̀ ti wó o.

Bíṣọ́ọ̀bù dé, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ fẹ́ di ẹ̀bi ru òjò, ṣùgbọ́n Jayéọlá dìde.

"Bàbá wa, òjò kọ́. Èmi ni. Mi ò lè dúró kó gbẹ."

Ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ inú amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ pò ó. Morádéyọ̀ ká ìró rẹ̀ sókè, ó tẹ̀ lé e. Láìpẹ́, gbogbo ìjọ ti wà nínú amọ̀.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi mọ ọ́n, ògiri àti ẹnu-ọ̀nà. Jayéọlá darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé kó yára. Lónìí, ògiri náà dúró digbí. Bí àlejò bá béèrè ẹni tó mọ ọ́n, ará Ìdóbà á kọ́kọ́ gbé àyà síwájú, á wá dáhùn pé, "Àwa ni."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ìwàǹwára wá ìyìn. Iṣẹ́ tí a fara balẹ̀ ṣe ni í bu ọlá fún ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára.