Orúkọ Màámi

Àárọ̀ Sátidé ni Nọ́ọ̀sì Ìyíọlá wá sílé wa láti bá wa pa ẹ̀rọ tó wà láyà Màámi. Nígbà tí ara wọn ṣì le, ẹ̀rọ yẹn ló máa ń jí ọkàn wọn bó bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Ní báyìí tí ikú ti sún mọ́ wọn, bí wọ́n bá ti fẹ́ sinmi ló máa ń mì wọ́n jìgìjìgì, bí ìgbà tí èèyàn gbá wọn létí. Àwọn fúnra wọn ló ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ o," ẹ̀rọ náà kí wa lábẹ́ ìró wọn. "Kí àkọ́bí pe orúkọ ẹni tó ni mí, màá dákẹ́."

Òfin ni. Èmi ni àkọ́bí. Mo sún mọ́ wọn. "Màámi."

"Mi ò mọ orúkọ yẹn."

"Ìyá Fádékẹ́."

"Mi ò mọ orúkọ yẹn."

Inú bí mi. Ta ló ṣe irú òfin yìí? Àbí àwọn tó ṣe é ò ní ìyá ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, orúkọ ìyá mi ò tẹnu mi jáde rí.

Nọ́ọ̀sì ń wolẹ̀. Màámi rọra fà mí mọ́ra. "Pè mí," wọ́n ní. "Mo yọ̀ǹda fún ẹ."

Mo kúnlẹ̀. "Abọ́sẹ̀dé."

Ẹ̀rọ náà dákẹ́. Màámi yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ojú wọn ń dán bíi tọmọdé. Láti ìgbà tí ìyá tiwọn ti kú, kò sẹ́ni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Mà?" wọ́n dáhùn. "Mò ń bọ̀, mà."