Ṣokoléètì Tó Léwu

Harlan kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ ṣeré nírọ̀lẹ́ Halloween.

Gbogbo súìtì tí Maisie, ọmọ ẹ̀, gbà láti ojúlé dé ojúlé, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ náà, ló ń yẹ̀ wò níkọ̀ọ̀kan.

"Ọ̀rá eléyìí ti ya. Ó léwu."

"Dádì, kí ló dé tó jẹ́ ṣokoléètì nìkan ló ń léwu lọ́dọọdún?"

"Ọmọ ọdún méje, kí lo mọ̀?"

Ó kó àwọn tó léwu, ó lóun fẹ́ lọ dà wọ́n nù ní kíṣínì kí Moose, ajá wọn, má baà jẹ wọ́n.

Ó tilẹ̀kùn, ó bó ọ̀kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu.

Ó le bí òkúta, ó ń rùn bí ẹ̀dọ̀ màlúù.

Maisie rọra ṣílẹ̀kùn, Moose ń jùrù lẹ́yìn ẹ̀.

"Ìyẹn léwu lóòótọ́, Dádì. Bísíkíìtì Moose ni mo fi ọ̀rá ṣokoléètì wé. Ẹ ṣẹ́kù fún un o."