Ọmọ Tó Kúnlẹ̀ Nínú Ìwé Kíkà

Èmi ni ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ kí bàbá arúgbó nínú ìwé tí ìlú wa fi kọ́ ABD. Bàbá inú àwòrán náà kò tilẹ̀ wojú mi. Ládòkun ayàwòrán ló mú mi kúnlẹ̀ lórí símẹ́ńtì títí orúnkún mi fi bó. Nígbà tó yà mí tán, ó jáde lọ jẹun, kò ní kí n dìde. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó kúnlẹ̀ kì í dá dìde. Àgbà ló ń ní kó dìde. Gbogbo ayé ń kan sáárá sí àwòrán náà. Ta ló béèrè orúnkún mi?

Nígbà tí Ládòkun kú, mo lọ sílé rẹ̀ láti gba àwòrán náà kí n lè dáná sun ún.

"Ọmọ mi, jẹ́ kó di ọ̀la," ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ mí. "Èmi kì í wọ yàrá iṣẹ́ rẹ̀ bílẹ̀ bá ti ń ṣú."

"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, mà. Sùúrù mi ti tán."

Mo ṣílẹ̀kùn. Òórùn ọ̀dà tútù gbà mí nímú. Lára ògiri, bàbá arúgbó nìkan ló kù nínú àwòrán. Iwájú rẹ̀ ṣófo.

Mo gbọ́ tí nǹkan ń wọ́ bọ̀ lórí símẹ́ńtì lẹ́yìn mi, bí ẹni tó ń fi orúnkún rìn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà." Ohùn èmi gan-an ni, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. "Mo kí bàbá, wọn ò dáhùn. Ṣé kí n dìde?"

Ẹ̀rù ò bà mí. Inú ló ń bí mi.

"Dìde, jàre!"

Mo gbọ́ tó dìde. Lára ògiri, bàbá arúgbó wojú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.