Ògiri Abẹ́ Ilé Argiris

"Ẹ bò ó kíá, kí ẹnikẹ́ni tó rí i," ni Argiris ń sọ fún àwọn tó ń bá a gbẹ́lẹ̀.

"Mo ti rí i ná," ni ìyá oníbúrẹ́dì dáhùn láti ojú fèrèsé ilé kejì.

Nígbà tí Argiris jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń dáàbò bo ohun àtijọ́ ní Tẹsalóníkà, òun ló ti ilé búrẹ́dì ìyá yìí pa, nítorí ògiri ayé ijọ́un tí wọ́n bá lábẹ́ ààrò. Ìbànújẹ́ ọ̀hún ló pa ọkọ ìyá. Ògiri yẹn kan náà ló wá yọ lábẹ́ ilé tí Argiris fẹ́ darúgbó sí yìí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ibí nìkan ló kù fún mi."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ mi bẹ̀ ọ́. O ní òfin kì í mojú. Mo ti pe àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ àtijọ́, wọ́n ń bọ̀."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi dé, tí wọ́n fi okùn yí ilé Argiris ká. Obìnrin tó ṣáájú wọn tọ ipa ògiri náà títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá.

"Ẹ má bínú, mà. Ó gba abẹ́ ilé ìdáná yín kọjá. A máa ní láti ti ilé tiyín náà pa."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí èmi àti ọkọ mi ti rí i níbẹ̀."

Ó nawọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé àpótí aṣọ tó ti dì tẹ́lẹ̀ jáde, ó sì rọra gba iwájú Argiris kọjá.